Asẹ́ Tí Ń Da Oníbàárà Nù Mọ́ Gbájú-ẹ̀

Ojúmọ́ kan kì í mọ́ kí lẹ́tà àìpè má wọ inú ímeèlì yín. Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀: ní oṣù Karùn-ún ọdún 1978, ará Amẹ́ríkà kan, Gary Thuerk, fi ìpolówó kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí nǹkan bí 400 ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó bèèrè.

Àwọn kan ń bi mí pé, ṣé a kò lè fi orúkọ ẹni tó kọ lẹ́tà sẹ́ wọn kúrò? A lè ṣe é. Kọ̀ǹpútà ní asẹ́ tirẹ̀, bí asẹ́ ògì. Orúkọ tí a bá júwe fún un ni yóò dá dúró. Èdè tí a fi ń júwe é ni wọ́n ń pè ní regular expression. Onímọ̀ ìṣirò Stephen Kleene ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1951. Asẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ SpamAssassin sì ń lò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí mo rí. Ìyá aláṣọ kan tí mo mọ̀ ní kí ọmọ rẹ̀ dí gbogbo orúkọ tí “sale” bá wà nínú rẹ̀ mọ́ ìta. Ọmọ kọ sale, ó ní kí kọ̀ǹpútà má ya lẹ́tà ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára kékeré. Ìyá wá ń retí oníbàárà tó fẹ́ ra aṣọ ẹbí. Ó di ọ̀sẹ̀ kejì, kò gbọ́ nǹkan kan. Ta ni oníbàárà ọ̀hún? Salewa ni! Asẹ́ kò gbọ́ Yorùbá; s-a-l-e nìkan ló rí. Kí a tó mọ̀, Salewa ti ra aṣọ níbòmíràn.

Mo ní kí ọmọ náà kọ ọ́ báyìí: \bsale\b. Àmì \b yẹn ni ààlà ọ̀rọ̀. Sale tó bá dá dúró ni yóò mú. Salewa yóò kọjá, ẹni tó kọ Wholesale mọ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ náà yóò kọjá. Bí wọ́n bá fi ọgbọ́n kọ s4le ńkọ́? Ẹ kọ \bs[a4]le\b: ìbáà ṣe a, ìbáà ṣe 4, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Èyí tó ṣòro jù ni orúkọ báǹkì. Orúkọ tó hàn lókè lẹ́tà, ẹni tó kọ ọ́ ló fún ara rẹ̀. Gbájú-ẹ̀ kì í jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀. Àdírẹ́sì tó wà láàárín < àti > ni kí ẹ fi wé e. Ká ní example.com ni ti báǹkì yín, ẹ kọ @example\.com$. Àmì $ ni òpin. Láìsí i, example.com.ibòmíràn yóò wọlé. Ìlà tó wà níwájú àmì ìdánudúró náà ṣe pàtàkì, torí àmì yẹn nìkan dúró fún lẹ́tà èyíkéyìí. Orúkọ báǹkì tí àdírẹ́sì rẹ̀ kò bá parí bẹ́ẹ̀, ẹ fura sí i. Àdírẹ́sì náà ṣeé fi parọ́, nítorí náà bí ó bá tilẹ̀ bára mu, ẹ má fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ yín ránṣẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí asẹ́ pa lẹ́tà kankan rẹ́. Ẹ ní kí ó kó wọn sí àpótí ọ̀tọ̀, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá aláṣọ ń yẹ tirẹ̀ wò ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, lẹ́yìn tó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù.