Ọ̀nà tí Lẹ́tà Ń Gbà Jáde ní Ìfọ́n

Ìgbéyàwó àbúrò mi kan ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ku oṣù méjì nígbà tí ó lọ ṣe àyẹ̀wò jínótáìpù. Ilé ìwòsàn aládàáni kékeré tí ó ti ṣe é fi èsì ránṣẹ́ sí ímeèlì rẹ̀ ti ibi iṣẹ́. Kí ó tó ṣí i, ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti gbọ́ pé AS ni. Ẹni tí ń bójú tó ímeèlì ilé iṣẹ́ wọn ni ó rí i, kò sì lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo lọ kí wọn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni àǹtí mi, ìyá ọmọ náà, tẹnu mọ́: “Ṣé lẹ́tà tí a kọ orúkọ ènìyàn sí lára, ẹlòmíràn tún lè kà á lọ́nà ni?”

Ó lè kà á. Láti ọdún 1982 ni SMTP, ìlànà tí àwọn server fi ń gbé ímeèlì fún ara wọn, ti wà, a kò sì dá ìpamọ́ ọ̀rọ̀ mọ́ ọn nígbà náà. Lóde òní, ọ̀pọ̀ server ń fi TLS bo ọ̀nà tó wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà nìkan ni TLS ń bò. Bí lẹ́tà bá ti wọ inú server, ó ti tú sílẹ̀. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè kà á bó ṣe wù ú. Bẹ́ẹ̀ Òfin Ìdáàbòbò Dátà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ èyí tó gbẹgẹ́, ó sì dárúkọ encryption láàárín ohun tí a lè fi dáàbò bò ó.

Encryption ni yíyí ọ̀rọ̀ padà di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè kà àfi ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé àrokò ni tiwa. N kò gbà tán. Owó ẹyọ mẹ́fà tí ọkùnrin fi ránṣẹ́ pé ọkàn òun fà sí obìnrin, ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá lè túmọ̀ rẹ̀. Kò ní kọ́kọ́rọ́.

Lẹ́yìn tí àǹtí mi ti fi ẹjọ́ sùn, ilé ìwòsàn náà pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti Òṣogbo kí ó gbé server encryption kalẹ̀. Mo jókòó tì í ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Èrò mi ni pé gbígbé ẹ̀rọ kalẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá rí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí kò gba ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ yìí kọjá, a ò tíì ṣe nǹkan kan.”

Ó fi àṣẹ sínú server ímeèlì pé gbogbo lẹ́tà tó bá ń jáde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tuntun náà. Ó ní kí ẹ̀rọ náà má gba lẹ́tà àjádelọ lọ́wọ́ server mìíràn, nítorí irú ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn gbájú-ẹ̀ ń wá kiri.

Ọ̀rọ̀ iná ni ó fa àríyànjiyàn. Bí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ encryption kú, kí ni kí lẹ́tà ṣe? Dókítà fẹ́ kí ó gba ọ̀nà àtijọ́ lọ, kí èsì má baà pẹ́. Ọmọ náà kọ̀. Ó ní kí lẹ́tà tò sórí ìlà títí iná yóò fi dé. Wọ́n fà á títí, kí wọ́n tó fẹnu kò pé èyí tó bá jẹ́ kánjúkánjú, kí nọ́ọ̀sì pe ẹni náà lórí fóònù. Ẹ̀yìn ọmọ náà ni mo wà.

Nígbà tí ó kan ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀, ìtàn ìlú náà wá sí mi lọ́kàn. Ọbàtálá, Òrìṣà Olúfọ́n, gbéra láti Ìfọ́n nínú àlà, ó ń lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Èṣù da epo sí i lára lọ́nà. Nígbà tí ó dé ọ̀hún, wọn kò dá a mọ̀. Olè ẹṣin ni wọ́n pè é, ó sì lo ọdún méje lẹ́wọ̀n. Ohun tó lè ṣe lẹ́tà nìyẹn. Láti inú ẹ̀rọ tuntun ni yóò ti máa jáde báyìí. Bí àdírẹ́sì ẹ̀rọ náà kò bá sí nínú SPF, ìwé tí àwọn server yòókù ń yẹ̀ wò láti mọ ẹni tó láṣẹ láti ránṣẹ́ lórúkọ ilé ìwòsàn, wọ́n lè kà á sí lẹ́tà jìbìtì. DKIM ní tirẹ̀ ni òǹtẹ̀ tí ń fi hàn pé a kò fọwọ́ kan lẹ́tà lọ́nà. Bí a bá lu òǹtẹ̀ náà kí a tó yí ọ̀rọ̀ padà, ó bàjẹ́ nìyẹn, bí epo ṣe ba àlà jẹ́. Ẹ̀rọ encryption ni ó gbọ́dọ̀ lù ú, lẹ́yìn tí ó bá ti parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ńkọ́? Lẹ́tà rẹ̀ dúró sínú ẹ̀rọ náà. Ìfitónilétí lásán ni yóò rí gbà, yóò sì fi password tí nọ́ọ̀sì ti fẹnu sọ fún un ṣí èsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ìlànà encryption, àkọlé lẹ́tà kì í yí padà. Akọ̀wé tí ó ti ń kọ orúkọ ènìyàn àti àyẹ̀wò tí ó ṣe sí àkọlé láti ọjọ́ yìí wá ní láti kọ́ ọwọ́ mìíràn. “Ẹ ní iṣẹ́ láti ilé ìwòsàn” ni ó ń kọ báyìí.

AA ni àfẹ́sọ́nà àbúrò mi, ìgbéyàwó náà sì wáyé. Òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ ń kí ara wọn dáadáa. Àmọ́ kò tíì sí èyí tó dárúkọ AS náà létí ẹnìkejì.