Yunifásítì Kan, Ìlú Mẹ́fà: Ọgbà Ìmọ̀ Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Èjìgbò àti Ọ̀rọ̀ Èdè

Ìfáárà

Bí àlejò bá béèrè ibi tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, ìdáhùn ẹyọ kan kò lè tó o. Gẹ́gẹ́ bí a ti pín in nígbà ìdásílẹ̀, Òṣogbo ni olú-ọgbà wà pẹ̀lú ìmọ̀ ìlera àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ìfẹ́tẹ̀dó ni a gbé ìmọ̀ òfin sí, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni a gbé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ sí, Òkukù ni ó gba ìmọ̀ ìṣàkóso àti ìmọ̀ àwùjọ, Ìkirè sì gba ìmọ̀ ọmọnìyàn àti àṣà. Ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó kan Èjìgbò. Iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí a fi pín yunifásítì kan sí ìlú mẹ́fà, àǹfààní tí ó wà nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ àti ohun tí ó ń náni. A ó fi ètò kan tí ó jọ ọ́ ní ilẹ̀ Jàpáànù wò ó. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ tí ó kan àwa onímọ̀ èdè gbọ̀ngbọ̀n: èdè wo ni ìmọ̀ tí ó wà ní ọgbà Èjìgbò yóò fi dé oko?

Ìdí tí a fi pín in

Òfin ọdún 2006, nígbà ìjọba Gómìnà Ọlágúnsóyè Oyinlọlá, ni ó dá yunifásítì náà sílẹ̀. Ní ọdún 2007 ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹkùn sẹ́nétọ̀ mẹ́ta ni ìpínlẹ̀ náà ní, ọgbà méjì méjì sì ni ó kan ẹkùn kọ̀ọ̀kan: Òṣogbo àti Òkukù ní Àárín-gbùngbùn, Ìfẹ́tẹ̀dó àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ní Ìlà-Oòrùn, Èjìgbò àti Ìkirè ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ìpín tí ó dọ́gba tó báyìí kì í ṣe èèṣì. Ó jọ bí a ṣe ń pín ẹran ọdún nínú agbo-ilé, kí ojúlé kankan má baà sọ pé wọ́n fi òun sílẹ̀.

Kì í ṣe Ọ̀ṣun ni ó dá àṣà náà. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí a dá sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè ní 1982, tí a ń pè ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ lónìí, ní ọgbà iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ayétòrò, ó sì ní ti iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ìbógùn. Ọ̀nà mìíràn ni Yunifásítì Ifẹ̀ tọ̀ ní tirẹ̀: Ìbàdàn ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1962, kí ó tó kó lọ sí ilẹ̀ gbalasa kan ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1967.

Àwọn tí kò fẹ́ràn ìpín yìí ní ẹjọ́ tí wọ́n lè rò. Ilé-ìkàwé kan di mẹ́fà, ẹ̀rọ amúnáwá kan di mẹ́fà, olùkọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ kò sì rọrùn láti bá olùkọ́ àṣà jókòó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lè san owó ilé ní ìlú ńlá lè kàwé nítòsí ilé, owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ná sì ń dé ọwọ́ olóúnjẹ, onímọ́tò àti onílé ní ìlú tí kò tóbi.

Ohun tí Jàpáànù ṣe

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Jàpáànù ṣe òfin kan ní 1949 tí ó mú kí ẹkùn ìṣàkóso kọ̀ọ̀kan ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ó kéré tán ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ilé tuntun. Ńṣe ni wọ́n kó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ tí ó wà káàkiri ìlú jọ sábẹ́ orúkọ kan. Nítorí náà ni àwọn ará Jàpáànù fi ń pe irú rẹ̀ ní takoashi daigaku, ìyẹn yunifásítì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nà káàkiri bíi ti ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ nì.

Yunifásítì Shinshu ní ẹkùn Nagano jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere. Olú-ọgbà rẹ̀ wà ní Matsumoto. Ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ wà ní ìlú Nagano. Iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Minamiminowa. Ìmọ̀ òwú àti aṣọ sì wà ní Ueda. Ueda kò ṣàdédé gba ìmọ̀ aṣọ. Ìlú tí wọ́n ti ń sin kòkòrò sílíkì ni, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà sì ti wà níbẹ̀ láti 1910, kí yunifásítì tó gbà á mọ́ra. Iṣẹ́ ọwọ́ ìlú ni ó bí ìmọ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ ń kọ́ni. Ohun kejì tí ó yẹ fún àkíyèsí ni pé Matsumoto ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ti ń kàwé pa pọ̀ kí wọ́n tó túká. Ẹni tí yóò di onímọ̀ àgbẹ̀ ti bá ẹni tí yóò di onímọ̀ aṣọ jẹun kí ọ̀nà wọn tó yà.

Ní 2004, òfin sọ àwọn yunifásítì wọ̀nyí di àjọ tí ó ń ṣàkóso ara rẹ̀. Nígbà tí ó di 2016, tí ìjọba ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan yan iṣẹ́ tí yóò gbájú mọ́, 55 nínú 86 ni ó yan sísin agbègbè wọn. Ọ̀dọ́ ń fi ìgbèríko sílẹ̀ lọ sí Tokyo, arúgbó sì ń pọ̀ sí i nílé. Yunifásítì agbègbè wà lára ohun tí wọ́n gbójú lé láti dá ọ̀dọ́ dúró.

Èjìgbò, ìlú oníyán

Ìlú tí a gbé ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ fún kì í ṣe àjèjì sí oko. Ògìyán ni oyè ọba Èjìgbò. Àlàyé tí a mọ̀ jù lórí orúkọ náà ni pé òrìṣà tí ó ń jẹ iyán ni. Ọdún rẹ̀, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń fi pàṣán àtòrì na ara wọn, kò ṣeé yà kúrò lára iṣu tuntun. Òkìkí òrìṣà yìí dé ilẹ̀ Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Oxaguiã.

Síbẹ̀, ìlú tí a tún mọ̀ mọ́ ìrìn-àjò ni Èjìgbò. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń lọ sí Côte d'Ivoire, pàápàá Abidjan, débi pé kò ṣọ̀wọ́n kí a gbọ́ èdè Faransé láàárín ìlú. Ohun tí Tokyo jẹ́ fún Nagano ni Abidjan ti ń jẹ́ fún Èjìgbò. Bí ọgbà iṣẹ́ àgbẹ̀ kò bá mú kí oko Ọ̀lá, Ìláwó, Máṣífà àti Ṣọ́ńgbẹ́ lérè lójú ọ̀dọ́, a jẹ́ pé ó wà ní Èjìgbò, kò sì jẹ́ ti Èjìgbò.

Èdè tí ó já sí àárín

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ ìmọ̀ àgbẹ̀ ní ọgbà náà, bí ó ti rí ní gbogbo yunifásítì wa. Àgbẹ̀ tí ìmọ̀ náà wà fún ń ronú ní èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì gúnlẹ̀ lásán. Bí ó bá ní ilẹ̀ kan ti ṣá, ó ti sọ ìtàn ilẹ̀ náà: pé a ti ro ó ju bí ó ti yẹ lọ, pé ó ń fẹ́ ìsinmi. Bí ó bá pe ibì kan ní àkùrọ̀, ó ti sọ̀rọ̀ nípa omi, nípa ọ̀gbìn àti nípa ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nínú ọ̀rọ̀ ẹyọ kan. Ó mọ ìyàtọ̀ ewùrà sí ẹ̀súrú, ó sì mọ èbù tí yóò hù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí yóò bi àgbẹ̀ ní ìbéèrè tí a ti dáhùn tipẹ́.

Níbí ni ìpín ìlú mẹ́fà ti dùn wá jù. Ìmọ̀ àṣà wà ní Ìkirè, ìmọ̀ oko wà ní Èjìgbò, àgbẹ̀ sì dúró láàárín àwọn méjèèjì. Ojúṣe wa ni láti so okùn náà. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè lọ sí oko Èjìgbò láti gba ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ti iṣu, ti kòkòrò àti ti ojò sílẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn àti àlàyé lílò. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ àgbẹ̀ kọ ìkádìí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ ní ojú-ìwé méjì ní èdè Yorùbá, kí ó sì kà á sí etígbọ̀ọ́ àwọn tí ó fún un ní ilẹ̀ ìwádìí. Àwọn iṣẹ́ méjèèjì wọ̀nyí kò béèrè fún ilé tuntun.

Àsọkágbá

A ti fi hàn pé ìpín yunifásítì sí ìlú púpọ̀ kì í ṣe àbùkù fúnra rẹ̀. Jàpáànù ti ń lò ó fún ohun tí ó ju àádọ́rin ọdún lọ. Ohun tí ó ń sọ ọ́ di àbùkù ni kí ẹsẹ̀ má mọ ohun tí ẹsẹ̀ kejì ń ṣe. Ọ̀ṣèlú ni ó gbé ọgbà dé Èjìgbò. Ìmọ̀ tí a bá gbé dé oko, ní èdè tí oko gbọ́, ni yóò sọ ọ́ di onílé níbẹ̀.