Ìdákú Kọ̀ǹpútà: Wíwá Okùnfà Rẹ̀ àti Orúkọ tí ó Yẹ Ẹ́

1. Ìfáàrà

Nínú iṣẹ́ ìṣẹ̀dá èdè-ìperí fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, kì í ṣe àìsí ọ̀rọ̀ ni ó sábà máa ń fa àṣìṣe, bí kò ṣe kíkánjú sọ nǹkan lórúkọ nígbà tí a kò tíì mọ ìwà rẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìn-ín-ní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì ní 1990, fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Kì í ṣe ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ìlànà inú rẹ̀ ni ó ku kí àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn mú lò ní oko mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí a fi olùkọ́ èdè Yorùbá kan ní Ìwéré-Ilé, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwàjọwà ní Òkè-Ògùn, ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ó ti fi ọdún mẹ́ta gba ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ahunṣọ òfì Ìsẹ́yìn, àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn àgbẹ̀ agbègbè rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ sì wà nínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kan, bí ó ti ń tẹ̀wé lọ, ojú ẹ̀rọ náà yí padà di àwọ̀ aró, lẹ́tà funfun díẹ̀ hàn níbẹ̀, ẹ̀rọ náà sì tún ara rẹ̀ tàn. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní. Ní ọ̀sẹ̀ kejì kò ṣẹlẹ̀ rárá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́. Kí ni a ó pe ohun tí ó ṣe ẹ̀rọ yìí? Báwo ni a ó sì ṣe mọ ìdí rẹ̀ kí iṣẹ́ ọdún mẹ́ta tó ṣòfò?

2. Kíkú, gígan àti dídákú

Ohun mẹ́ta ni ó lè dá kọ̀ǹpútà dúró lójijì, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ohun kan náà. Èkíní ni kí iná lọ, kí ojú ẹ̀rọ ṣú láìsọ ohunkóhun. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún èyí: iná kú, mọ́tò kú. Kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kú ni. Èkejì ni kí àwòrán wà lójú ẹ̀rọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ohunkóhun tí a bá tẹ̀ má ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gan ni. Ẹ̀kẹta ni ti olùkọ́ yìí. Níhìn-ín, ètò tí ń darí ẹ̀rọ, èyíinì ni Windows, ti rí àṣìṣe kan ní àárín gbùngbùn iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé bí òun bá ń bá iṣẹ́ lọ, òun lè ba ohun tí a fi pamọ́ jẹ́. Ó mọ̀ọ́mọ̀ dúró, ó kọ ìdí tí ó fi dúró sójú ẹ̀rọ, ó sì gbìyànjú láti tún bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe àwàdà pe ẹ̀kẹta yìí mẹ́nu kan ikú. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ ní olówuuru, àṣìṣe méjì ni yóò ti inú rẹ̀ jáde: yóò da ẹ̀kẹta pọ̀ mọ́ èkíní, yóò sì mú kí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ sọ̀rètí nù. Ẹni tí ó dákú ń jí. Ẹni tí ó sì rí i nígbà tí ó ṣubú lè sọ ohun tí ó ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, ìdákú ni ó bá ìwà nǹkan yìí mu.

3. Ọ̀rọ̀ àwọ̀

Apá kejì orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà ni àwọ̀. Láti ìgbà Windows NT, tí ó jáde ní 1993, ni ojú ìdákú ti ní àwọ̀ aró. Ṣùgbọ́n ní 2025, Microsoft sọ ọ́ di dúdú nínú Windows 11. Ẹni tí ó bá ti so ìperí rẹ̀ mọ́ búlúù ní láti tún un ṣe. Ní ti èdè Yorùbá, tí ó pín àwọ̀ sí funfun, pupa àti dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, aṣọ tí ó mu aró dáadáa kò jìnnà sí dúdú. Ìyípadà náà kò fi bẹ́ẹ̀ jọ ìyípadà lójú alaró. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọ̀ kì í ṣe ìwà. Ohun tí nǹkan ń ṣe ni kí ìperí dúró lé.

4. Wíwá okùnfà

Kí a tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun, àdàkọ iṣẹ́ ni ó ṣáájú. Kí olùkọ́ náà da gbogbo fáìlì rẹ̀ kọ sórí ohun ìpamọ́ mìíràn tí kò sí nínú ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn èyí ni kí ó wá mú ìwé àti bírò, kí ó kọ ọjọ́, wákàtí, iṣẹ́ tí ó ń ṣe lọ́wọ́ àti àmì tí ó hàn, irú bí MEMORY_MANAGEMENT tàbí IRQL_NOT_LESS_OR_EQUAL. Bí ẹ̀rọ bá ń yára tún ara rẹ̀ tàn kí a tó rí àmì náà kà, a lè pàṣẹ fún Windows kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Windows pàápàá sábà máa ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìdákú sínú àpò tí ó ń jẹ́ Minidump.

Àmì kan kì í ṣe ẹ̀rí tí ó parí ẹjọ́. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Ṣùgbọ́n bí àmì kan náà bá ń padà wá, ògbufọ̀ ẹ̀rọ ni a sábà máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ògbufọ̀ ni ètò kékeré tí ń bá Windows sọ̀rọ̀ dípò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ojú ẹ̀rọ tàbí ohun èlò mìíràn. Bí àmì bá sì ń yí padà nígbà gbogbo, ara ẹ̀rọ ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò, pàápàá ìrántí rẹ̀.

Ìbéèrè tí ó kàn ni pé: kí ni ó yí padà kí àìsàn yìí tó bẹ̀rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ògbufọ̀ tuntun, kí a dá ti àtijọ́ padà. A tún lè tan ẹ̀rọ ní ìpò ìwọ̀nba, èyí tí Windows ń pè ní Safe Mode, níbi tí ìwọ̀nba ògbufọ̀ tí kò ṣeé má nìí nìkan ti ń ṣiṣẹ́. Bí ìdákú bá dáwọ́ dúró níbẹ̀, ètò ni a ó túbọ̀ fura sí. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ara ẹ̀rọ ni a ó túbọ̀ fura sí.

Ní ti ara ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn kún fún eruku, eruku sì ń dí fáànù tí ń tu ẹ̀rọ lára. Ooru àpọ̀jù sábà máa ń mú kí ẹ̀rọ kú lójijì, ó sì lè mú un dákú pẹ̀lú. Kí a pa ẹ̀rọ, kí a yọ wáyà iná, kí a gbọn eruku rẹ̀ nù. Lẹ́yìn náà, kí a yẹ ìrántí wò pẹ̀lú ètò tí ń jẹ́ mdsched. Bí ìrántí bá jẹ́ awẹ́ méjì, kí a fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Chkdsk ni a fi ń yẹ ibi ìpamọ́ wò, sfc sì ni a fi ń yẹ àwọn fáìlì Windows fúnra rẹ̀ wò. Iná tí ń lọ sókè sódò náà kò ṣeé fojú fò; ó lè sọ ẹ̀yà tí ń pín iná nínú ẹ̀rọ di aláìlera.

Òfin kan ni ó borí gbogbo èyí: ohun kan ṣoṣo ni kí a yí padà lẹ́ẹ̀kan. Olùkọ́ yìí ti lo ju ọ̀sẹ̀ kan lọ láìrí ìdákú rí, láìṣe àtúnṣe kankan. Nítorí náà, ọjọ́ mẹ́ta àlàáfíà kò tó láti fi sọ pé àtúnṣe ti jẹ́. Kí ó dúró pẹ́ ju àlàfo tí ó gùn jù nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ìdákú tí a ń pè ní àìròtẹ́lẹ̀ ní okùnfà. Àwa ni a kò retí rẹ̀.

5. Ẹ̀rí láti òde

Ní ọjọ́ 19 oṣù keje 2024, kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù 8.5 dákú káàkiri ayé, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Microsoft. Bàálù kò gbéra, ilé ìwòsàn àti báǹkì dúró. Fáìlì kan tí ilé-iṣẹ́ CrowdStrike fi ránṣẹ́ sí ètò ààbò rẹ̀ ni ó fà á: ètò náà ń retí nǹkan 21, 20 ni a fún un, ó sì lọ ka ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú ìrántí. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí a tan ẹ̀rọ ní ìpò ìwọ̀nba, kí a pa fáìlì náà rẹ́. Àwọn ẹ̀rọ náà jí. Ìdákú ni, kì í ṣe ikú.

6. Àwọn ìperí tí a dábàá

Ìdákú: dídúró tí ètò ìdarí mọ̀ọ́mọ̀ dúró nítorí àṣìṣe tí kò ṣeé gbójú fò.
Gígan: àìgbọ́ràn ẹ̀rọ nígbà tí àwòrán ṣì wà lójú rẹ̀.
Kíkú: dídúró nítorí àìsí iná, láìsí àmì kankan.
Ògbufọ̀ ẹ̀rọ: ètò tí ó wà láàárín ètò ìdarí àti ohun èlò. Awakọ̀ kò yẹ ẹ́, nítorí kò wa ohunkóhun.
Ìrántí: ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, ohun inú rẹ̀ ń lọ bí iná bá lọ.
Ìpamọ́: ibi tí fáìlì ń gbé, iná ìbáà lọ. Àwọn ènìyàn ń pe méjèèjì ní mẹ́mórì; ó yẹ kí olùkọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀.
Ìpò ìwọ̀nba: títan ẹ̀rọ pẹ̀lú ohun tí kò ṣeé má nìí nìkan.

7. Ìkádìí

Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún ohun mẹ́ta yóò bi ẹ̀rọ rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ kan yóò bi í ní ẹyọ kan, yóò sì máa tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe. Bí olùkọ́ Ìwéré-Ilé bá lè sọ fún alátùn-únṣe pé ẹ̀rọ òun dákú, pé kò kú, kò sì gan, ìdajì iṣẹ́ ti parí. Ọ̀rọ̀ àwọn ahunṣọ àti alágbẹ̀dẹ tí ó kó jọ kò ní bá ẹ̀rọ kan ṣoṣo lọ, bí ó bá ti kọ́kọ́ ṣe àdàkọ wọn.