Nígbà Tí Máàkì Ọmọ Bá Lọ Sílẹ̀ ní Àárín Sáà

Ọ̀rọ̀ tí a mú tọ̀ yín wá ní ọ̀sẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ìtìjú máa ń bò mọ́lẹ̀ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé. Òun ni ọ̀rọ̀ ọmọ tí ó ṣe dáadáa ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, tí gbogbo ẹbí bá yọ̀ nígbà tí ó wọ yunifásítì láti kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n nígbà tí sáà dé ìdajì, tí àbájáde ìdánwò àkọ́kọ́ jáde, máàkì rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Láti Ìdúmọ̀tà dé Ẹnu Ọwá, láti Ìta Fàájì dé Ẹbúté Èrò, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó jẹ́ pé èrè ọjà ni wọ́n fi ń rán ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá gba orí Afárá Third Mainland, tí a ṣí ní ọdún 1990, kọjá lọ sí Akọka níbi tí Yunifásítì Èkó wà, owó ìyá àti ìrètí bàbá ni ó gbé dání lọ. Abájọ tí máàkì kan ṣoṣo fi lè wúwo lọ́kàn rẹ̀ bí òkúta. Ẹlòmíràn a dákẹ́, kò ní lọ sí kíláàsì mọ́. Ẹlòmíràn a sì pinnu nínú ara rẹ̀ pé sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ti irú òun.

Èrò tiwa ni pé máàkì àárín sáà dà bí ìwé tí dókítà kọ lẹ́yìn tí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò. Ó ń sọ ibi tí àìsàn wà, ní àkókò tí oògùn ṣì lè ṣiṣẹ́. Bí ènìyàn bá fi ìbínú fa ìwé náà ya, àìsàn kò torí bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá sì fi í pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, oògùn kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe ìṣirò, nítorí níbi tí ìṣirò kò bá sí, ìbẹ̀rù a máa pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ yunifásítì ilẹ̀ wa, ẹni tí ó ní 70 sí òkè nínú 100 gba A. 60 dé 69 jẹ́ B. 50 dé 59 jẹ́ C. 45 dé 49 jẹ́ D. Ẹni tí kò bá sì tó 40 ti kùnà. Ká ní iṣẹ́ àárín sáà gba 30 nínú 100 yìí, tí ìdánwò ìparí sì gba 70. Ká ní ọmọ wa gba 9 nínú 30 ní kọ́ọ̀sì Kẹ́mísírì ọdún kìíní. Bí ó bá fẹ́ C, 41 ni yóò wá nínú 70 tí ó kù. Bí ó bá fẹ́ B, 51 ni. Àní A pàápàá kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, bí ó bá lè gba 61.

Ìrètí wà nínú ìṣirò yìí, ìkìlọ̀ sì wà nínú rẹ̀. 9 nínú 30 jẹ́ 30 nínú ọgọ́rùn-ún. 41 nínú 70 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 59 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí ni pé ọmọ náà ní láti ṣe dáadáa tó bí ìlọ́po méjì ohun tí ó ti ṣe. Ẹni tí ó bá ń kàwé bí ó ti ń kà á tẹ́lẹ̀, tí ó kàn fi wákàtí díẹ̀ kún un lóru, kò lè rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí ó ń gbà kàwé ni ó gbọ́dọ̀ yí padà. Èrè rẹ̀ kò sì kéré: bí kọ́ọ̀sì náà bá jẹ́ yúníìtì 3 nínú 20 tí ó ń ṣe ní sáà náà, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìkùnà àti C yóò jẹ́ 0.45 nínú 5 lórí èsì sáà rẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ó wá ọ̀nà láti rí ìwé ìdáhùn rẹ̀, kí ó sì jókòó tì í láìsí omijé. Kí ó wo ibi tí máàkì kọ̀ọ̀kan ti lọ. Òmíràn lọ nítorí pé kò rántí. Òmíràn lọ nítorí pé ó rántí ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti ń lò ó. Òmíràn lọ nínú ìṣirò lásán. Òmíràn sì lọ nítorí pé agogo lù kí ó tó dé ìbéèrè ìkẹyìn. Àrùn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ̀nyí, oògùn wọn kò sì jọra.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí ó ti gbé ọ̀pọ̀ ọmọ ṣubú, èyí tí wọ́n ń pè ní mole nínú Kẹ́mísírì. Ọ̀pọ̀ ni ó há ìtumọ̀ rẹ̀ sórí bí orin, síbẹ̀ wọn kò lè lò ó. Ṣùgbọ́n ìyá tí ń tajà ní Ìdúmọ̀tà ti mọ ohun tí ó jẹ́ tipẹ́, bí kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Dọ́sìnnì kan jẹ́ 12, ìbáà jẹ́ abẹ́rẹ́ tàbí ìkòkò ni a ń kà. Iye kan náà ni, ìwúwo ni ó yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni mole jẹ́ orúkọ iye kan, iye ńlá tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 602 tí a fi òdo 21 tẹ̀ lé. Mole kan ti omi wọn gíráàmù 18. Mole kan ti iyọ̀ tí a ń jẹ wọn gíráàmù 58.5. Bí olùkọ́ bá ní kí a ṣe lítà kan omi iyọ̀ tí ìdámẹ́wàá mole wà nínú rẹ̀, gíráàmù 5.85 ni a ó wọ̀n. Bí ó bá jẹ́ ìdámẹ́rin lítà ni ó fẹ́, a ó pín 5.85 sí ọ̀nà mẹ́rin, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1.46. Ẹni tí ó bá kọsẹ̀ níhìn-ín, ìṣirò ìpín ni ó gbé e ṣubú, kì í ṣe Kẹ́mísírì. Kí ó padà sí ìwé ìṣirò ilé-ẹ̀kọ́ girama fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí àbùkù nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ kejì ni kí ó yí ọ̀nà ìkàwé padà. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ méjì ní Yunifásítì Washington ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, Roediger àti Karpicke, tẹ ìwádìí kan jáde tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé kúkúrú láti kọ́. Àwọn kan fi àkókò mẹ́rin kà á ní àkàtúnkà. Àwọn mìíràn fi àkókò kan ṣoṣo kà á, wọ́n sì fi mẹ́ta yòókù pa ìwé dé, wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tí ó kà á ní àkàtúnkà ni ó rántí jù, 83 nínú ọgọ́rùn-ún sí 71. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀rọ̀ yí padà: àwọn alákàtúnkà rántí 40, àwọn tí ó ń dán ara wọn wò sì rántí 61. Ẹ rí i pé kíkà léraléra a máa tan ènìyàn jẹ. Ojú mọ ìwé náà, ọkàn sì rò pé òun ti mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, kí ọmọ náà pa ìwé rẹ̀ dé lẹ́yìn tí ó bá ti kà á lẹ́ẹ̀kan, kí ó mú bébà funfun, kí ó kọ gbogbo ohun tí ó mọ̀. Lẹ́yìn náà kí ó ṣí ìwé, kí ó sì fi yíǹkì pupa kọ ohun tí ó fò. Kí ó tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ méjì, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Kí ó wá àwọn ìbéèrè ìdánwò ọdún tí ó ti kọjá, kí ó sì dáhùn wọn pẹ̀lú aago níwájú rẹ̀, láìwo ìdáhùn ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ kẹta ni pé kí ó má ṣe dá nìkan kọ́ ọ. Ní àwọn ọdún 1970, ní Yunifásítì California ní Berkeley, Uri Treisman kíyèsí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú púpọ̀ ni kò ṣe dáadáa nínú ìṣirò gíga tí a ń pè ní calculus. Àwọn olùkọ́ rò pé bóyá wọn kò ní ìtara ni, tàbí pé àwọn òbí wọn kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Treisman bá ogún nínú wọn rìn, àti ogún mìíràn tí ìran wọn ti Ṣáínà wá, ó ń wo bí wọ́n ti ń gbé ìgbé ayé wọn. Ó rí i pé ìtara wà, àtìlẹ́yìn òbí sì wà. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé àwọn aláwọ̀ dúdú ń dá kàwé, olúkúlùkù nínú yàrá rẹ̀, nígbà tí àwọn yòókù máa ń pàdé láti fi iṣẹ́ wọn wé ara wọn, láti jiyàn, àti láti tún àṣìṣe ara wọn ṣe. Ó dá ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, ó ń fún wọn ní ìbéèrè tí ó le láti ṣe papọ̀, èsì àwọn tí ó wà níbẹ̀ sì dára lọ́nà tí ó ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Àwọn bàbá wa ti wí i tipẹ́: àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni yóò gba ìjókòó náà.

Kí ó sì tọ olùkọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń bẹ̀rù, tàbí kí wọ́n lọ wí pé, “Sà, kò yé mi,” tí olùkọ́ kò sì mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ, kí ó wí pé, “Ẹ káàsán, sà. Mo gbìyànjú ìbéèrè kẹta yìí, ibí ni mo dé tí ọ̀nà fi dí. Ẹ jọ̀wọ́ sà, níbo ni mo ti ṣìnà?” Olùkọ́ tí ó bá rí bébà tí a ti kọ nǹkan sí yóò mọ̀ pé ẹni tí ó dúró níwájú òun ti ṣiṣẹ́.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ kàn yín, ẹ̀yin òbí. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé èébú ni yóò pàdé nílé yóò máa parọ́ títí sáà yóò fi parí, nígbà tí ẹ̀pa kò ní bóró mọ́. Ẹ jẹ́ kí ó lè wí pé, “Màámi, ẹ má bínú, ìdánwò àárín sáà kò dára. 9 ni mo gbà nínú 30. Mo ti ṣírò ohun tí ó kù, mo sì mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe.” Kí ìyá sì dáhùn pé, “O ṣeun tí o kò fi pamọ́ fún mi. Kí ni o fẹ́ kí á ṣe fún ọ nílé?” Ìbéèrè yìí wúlò ju wákàtí méjì ìbáwí lọ.

Ohun tí ẹ lè ṣe pọ̀, kò sì ná yín ní owó púpọ̀. Bí ọmọ náà bá ń ràn yín lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé, ẹ tú u sílẹ̀ títí ìdánwò yóò fi kọjá. Ìsàlẹ̀ Èkó kì í tètè sùn. Ariwo òde àti ti jẹnẹrétọ̀ a máa wọ inú yàrá. Ẹ bá a wá ibi tí ó dákẹ́, ìbáà ṣe yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní ọ̀sán, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ó tètè sùn, kí ó sì jí ní agogo mẹ́rin ìdájí nígbà tí àdúgbò parọ́rọ́. Bí ó bá ń ti ilé lọ sí Akọka lójoojúmọ́, ẹ má ṣe rán an níṣẹ́ ní òwúrọ̀, kí ọkọ̀ má baà há a mọ́ ojú ọ̀nà títí kíláàsì yóò fi parí.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe láé: ẹ má ṣe fi owó wá máàkì. Ọmọ tí a ra Kẹ́mísírì fún ní ọdún kìíní yóò tún bá a pàdé ní ọdún kejì, nínú aṣọ tí ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ó bá sì ṣe gbogbo èyí tí a wí, tí ó tún kùnà, kí ó tún kọ́ọ̀sì náà ṣe ní ọdún tí ń bọ̀. Ìyẹn sàn ju kí ó ní máàkì tí kò ní ìmọ̀ nínú lọ.

Kí a tó fi ọ̀rọ̀ mọ, ẹ rántí ohun tí ìlú ń jẹ lára àwọn ọmọ tí ó bá forí tì í. Ní ọjọ́ 20 oṣù September, ọdún 1909, ni a ṣí King's College ní Erékùṣù Èkó. Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé àti James Churchill Vaughan wà. Ní ọdún 1913 àwọn méjèèjì wọ Yunifásítì Glasgow láti kọ́ ìṣègùn, láàárín àwọn tí ń fi àwọ̀ wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n sì gba oyè ní 1918. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó láàárín ọdún 1924 sí 1930, Dókítà Olúwọlé wà lára àwọn tí ó dìde láti gba ìlú là nípa ìmọ́tótó.

A kò mọ èyí tí yóò jẹ́ irú rẹ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi máàkì wọn pamọ́ lónìí. Ìwọ ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, mú bébà ní alẹ́ òní, ṣírò ohun tí ó kù, kí o sì sọ ọ́ fún ẹnì kan nílé kí ilẹ̀ tó mọ́.