Àwọn Dókítà Tó Ń Ya Àwòrán Òkú Àtijọ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àìsàn ayé òde òní ni àìsàn ọkàn: wọ́n ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, sìgá àti oúnjẹ ọlọ́ràá ló kó o dé, pé ara àwọn ará àtijọ́ le koko. Àwọn dókítà kan wà tí iṣẹ́ wọn kò jẹ́ kí a lè fọwọ́ sọ̀yà bẹ́ẹ̀ mọ́. Òkú ni wọ́n ń yẹ̀ wò, òmíràn ti lé ní 3,000 ọdún. Ẹ̀rọ CT scan tí wọ́n fi ń wo alààyè nílé ìwòsàn náà ni wọ́n ń lò fún wọn.

Iṣẹ́ ọ̀hún ti pẹ́. Ìparí ọdún 1895 ni Wilhelm Röntgen ṣàwárí X-ray ní Jámánì. Nígbà tó fi di 1896, Walter König ti fi ya òkú ọmọdé kan tó wá láti Íjíbítì, ní Frankfurt. Ọ̀bẹ ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láàárín 1830 sí 1840, oníṣẹ́ abẹ kan, Thomas Pettigrew, a máa tú aṣọ lára òkú lójú èrò tó sanwó wá wòran. Àbùkù gbáà ni, lójú tèmi. Ọmọ ènìyàn ni òkú wọ̀nyẹn; àwọn ènìyàn wọn wẹ̀ wọ́n, wọ́n dì wọ́n láṣọ, wọ́n sì fi ẹ̀yẹ sin wọ́n. Inú mi dùn sí ẹ̀rọ CT nítorí kò tú aṣọ, kò sì gé ẹran ara.

Bí ẹ̀rọ ṣe ń yí òkú po ni ìtànṣán ń gba ara rẹ̀ kọjá láti ìhà gbogbo, kọ̀ǹpútà á wá to àwòrán náà pelebe pelebe, bí iṣu tí a gé láì fi ọ̀bẹ kàn án. Kálísíọ̀mù ni ojú dókítà ń wá. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá ń ṣàìsàn fún ìgbà pípẹ́, kálísíọ̀mù a gbá jọ sí ara rẹ̀, a sì funfun nínú àwòrán bí egungun. Iṣan lè gbẹ bí òwú, funfun yẹn kì í jẹrà. Ìtànṣán kò lè pa òkú lára mọ́, nítorí náà wọ́n lè yà á lẹ́ẹ̀kan sí i bó bá wù wọ́n. Ṣùgbọ́n oje igi tí àwọn tó tọ́jú òkú dà sí i nínú lè tan ojú jẹ. Ìdí nìyí tí onímọ̀ nípa ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fi gbọ́dọ̀ jókòó ti dókítà.

Ní mùsíọ̀mù Káírò, Gregory Thomas, dókítà ọkàn láti Amẹ́ríkà, àti Adel Allam, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Íjíbítì, kà á lára pátákó kan pé iṣan ẹ̀jẹ̀ Fáráò Merneptah le. Thomas kò gbà á gbọ́. Wọ́n ya àwọn òkú tó wà níbẹ̀, wọ́n sì tẹ èsì jáde ní 2009: àìsàn náà wà lára àwọn kan nínú wọn lóòótọ́. Ọmọ ọba Ahmose-Meryet-Amon, tó kú ní nǹkan bí 1550 ṣáájú ìbí Kírísítì, ní in nínú iṣan tó ń bọ́ ọkàn gan-an.

Ẹnikẹ́ni lè wí pé ọlọ́lá ni wọ́n, ẹran ọlọ́ràá ni wọ́n ń jẹ. Ni wọ́n bá mú ọ̀nà gbòòrò. Òkú 137 ni wọ́n yà, láti Íjíbítì, Peru, ìwọ̀ oòrùn gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà àti erékùṣù Aleutian. Àìsàn yìí wà lára 47, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2013. Àwọn Unangan ti Aleutian, apẹja àti ọdẹ òkun tí kò dáko rárá, ní in lára mẹ́ta nínú márùn-ún.

Kí ló fà á? Wọ́n fura sí kòkòrò àrùn tí kò kúrò lára àwọn ará àtijọ́, àti èéfín iná ìdáná. Àmọ́ ní 2017, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ oníwádìí náà ya àwọn Tsimane tó wà láàyè ní igbó Bolivia, àgbàlagbà 705. Aràn àti kòkòrò àrùn pọ̀ lára wọn, síbẹ̀ 85 nínú ọgọ́rùn-ún wọn kò ní kálísíọ̀mù kankan nínú iṣan ọkàn. Àwọn ọkùnrin wọn ń lo wákàtí mẹ́fà sí méje lójúmọ́ lẹ́nu ọdẹ, ẹja pípa àti oko, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì kéré. Méjèèjì yìí, iṣẹ́ agbára àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ni àwòrán òkú kò lè fi han dókítà.