Kí Ìbéèrè Tó Lè Wọn Ìgbàgbọ́: Ìwé Ìbéèrè Ìtọ̀ Ṣúgà Lédè Tọ́kì

Ká ní nọ́ọ̀sì fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ní ìwé kan, tí gbólóhùn àkọ́kọ́ inú rẹ̀ sì lọ báyìí: "Ó ṣeé ṣe kí àìsàn yìí fọ́ mi lójú." Àpótí márùn-ún wà níwájú rẹ̀, láti orí "Mo gbà bẹ́ẹ̀ gan-an" títí dórí "Mi ò gbà rárá". Ẹyọ kan ni kó fàmì sí. Tó bá jẹ́ pé ìyá àgbà kan tó ń sọ èdè Tọ́kì ni aláìsàn náà, ì báà jẹ́ ní Izmir tàbí ní Berlin, ó lè má fàmì sí ọ̀kankan. "Allah korusun" ló máa jáde lẹ́nu rẹ̀: kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Bó bá sì jẹ́ pé ẹlòmíì ló ń ka ìwé náà sí i létí, ó lè sọ fún un pé kó máa fẹnu rẹ̀ sọ rere. Kò sí Yorùbá tí èyí máa ṣàjèjì sí, torí àwa náà kì í fẹnu ara wa pe ibi.

Nọ́ọ̀sì tó bá wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé màmá yìí kò gbà pé àìsàn òun lè le, ti ṣì í mú pátápátá. Ẹ̀rù ń bà á débi pé kò fẹ́ dárúkọ ohun tó ń bẹ̀rù. Tí wọ́n bá torí ìdáhùn yẹn máa fi àwòrán ẹsẹ̀ tí wọ́n gé hàn án kó lè gbọ́ràn, ẹ̀rù tó ti pọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń bù kún, ó sì lè má padà wá sí ọsibítù mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ka iṣẹ́ àwọn tó ń mú irú ìwé ìbéèrè yìí bá èdè àti ìgbé ayé àwọn èèyàn mu sí ìtọ́jú gidi, bí ìtọ́jú tí dókítà ń ṣe.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ìtàn ìwé yìí ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìtọ̀ ṣúgà. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń fi ọkọ̀ gbé ẹ̀rọ X-ray káàkiri àdúgbò kí àwọn èèyàn lè mọ̀ bóyá ikọ́ náà wà lára wọn. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì jìnnà sílé, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn kò yọjú. Godfrey Hochbaum, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn èèyàn léèrè ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Nínú àwọn tó gbà pé ikọ́ náà lè mú àwọn, tí wọ́n tún gbà pé ó dára kí wọ́n tètè rí i, 82 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti lọ ya X-ray. Nínú àwọn tí kò gba ọ̀kankan nínú méjèèjì, 21 péré ni.

Òun, Irwin Rosenstock àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wá gbé àlàyé kan kalẹ̀ tí wọ́n ń lò títí dòní. Kí èèyàn tó ṣe ohun tí ìlera rẹ̀ ń fẹ́, wọ́n ní ohun mẹ́rin ló máa ń rò: ṣé àìsàn yìí lè kàn mí? Báwo ló ṣe le tó? Àǹfààní wo ló wà nínú ohun tí wọ́n ní kí n ṣe? Kí ló fẹ́ dí mi lọ́wọ́? Lọ́dún 1988, Rosenstock àtàwọn méjì mìíràn dábàá pé kí wọ́n fi ẹ̀karùn-ún kún un: ṣé mo gbà pé agbára mi ká a?

Kò sí àìsàn tí ìbéèrè wọ̀nyí bá mu tó ìtọ̀ ṣúgà, torí ọwọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìtọ́jú rẹ̀ wà. Dókítà lè rí i ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Ìyókù, òun ló máa gún ìka, òun ló máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò, òun ló máa pinnu bóyá òun á bu oúnjẹ kejì.

Ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì, ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Àyẹ̀wò ńlá tí wọ́n ń pè ní TURDEP, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n İlhan Satman darí, fi hàn pé ní 1997 sí 1998, ìtọ̀ ṣúgà wà lára àgbàlagbà bí ìdá 7.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2010, ó ti di ìdá 13.7. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé níbẹ̀ á mọ̀ pé kò rọrùn láti yẹra fún ohun dídùn. Àlejò kò tíì jókòó dáadáa tí tíì, çay, fi máa dé nínú ife kékeré, ti òun ti horo ṣúgà. Orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pe ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ni Şeker Bayramı, Ọdún Ṣúgà. Ẹni tó bá ní òun kò ní jẹ baklava tí ìyàwó ilé gbé síwájú rẹ̀, onílé ló já kulẹ̀. Nítorí náà, tí ìwé bá bi aláìsàn pé kí ló ń dí i lọ́wọ́, tó sì jẹ́ owó àti àìráyè nìkan ló wà nínú ohun tó lè mú, ìdènà tó tóbi jù kò sí nínú ìwé náà rárá.

Lọ́dún 2007 ni àwọn olùwádìí nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Tọ́kì tẹ irú ìwé yìí jáde fún àwọn aláìsàn ìtọ̀ ṣúgà, lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò finnífinní. Gbólóhùn 33 ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ 33 lè rò pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni títú wọn sí èdè mìíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń tọ̀ lágbàáyé ni pé kí àwọn méjì tú ìwé náà, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: kí ọ̀kan mọ̀ nípa àìsàn náà, kí èkejì má mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kó lè túmọ̀ bí ará ilé ṣe ń sọ̀rọ̀. Wọ́n á pa méjèèjì pọ̀. Àwọn méjì mìíràn tí kò rí ti àkọ́kọ́ rí á tún tú u padà sí èdè tó ti wá, kí ohun tó bá ti sọnù lè hàn. Ìgbìmọ̀ á jókòó lé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e fún aláìsàn bí 30 sí 40, wọn ò sì ní dúró lórí ìdáhùn nìkan. Wọ́n á bi wọ́n pé: "Kí lẹ rò pé ìbéèrè yìí ń bi yín?" Ibí yìí ni mo rò pé ìwúlò gbogbo iṣẹ́ náà wà, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó ń kánjú máa ń fò dá.

Ìṣirò ló kàn. Òṣùwọ̀n kan wà tí Lee Cronbach gbé jáde ní 1951, tí wọ́n ń pè ní alpha, tó ń sọ bí ìdáhùn sí àwọn gbólóhùn tó jọra ṣe bára wọn mu tó. Tó bá tó 0.70, ọ̀pọ̀ olùwádìí á ní ó ti dára. Ṣùgbọ́n kóńgò tí wọ́n tì nídìí sínú, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi wọn gàrí ni yóò jẹ́ iye kan náà, oníbàárà ò sì ní mọ̀. Màmá tó ń bọ̀wọ̀ fún nọ́ọ̀sì, tó ń fàmì sí "Mo gbà" látòkè délẹ̀, á mú kí alpha ga dáadáa. Ìdáhùn rẹ̀ bára mu, kò sì sọ ohunkóhun nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀.

Kí irú èyí má bàa ṣẹlẹ̀, wọ́n máa ń yí àwọn gbólóhùn kan padà: "Kò ṣòro fún mi láti ṣọ́ oúnjẹ jẹ." Ẹni tó bá ṣòro fún ní láti fàmì sí "katılmıyorum", mi ò gbà. Àìgbà lórí àìṣòro! Ẹni tó kàwé dáadáa pàápàá á tún un kà, kí a má tíì sọ ti ẹni tí kò kà kọjá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ìwádìí EPIDIAR, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 13 lọ́dún 2001, tí Tọ́kì wà lára wọn, rí i pé nínú àwọn Mùsùlùmí tó ní ìtọ̀ ṣúgà oríṣi kejì, bí 79 nínú ọgọ́rùn-ún ló gba ààwẹ̀ Ramadan fún ó kéré tán ọjọ́ 15. Ṣúgà ara wọn sì ń já wálẹ̀ lọ́nà tó léwu ju ti oṣù mìíràn lọ. Ìwé tí wọ́n kọ fún àwọn tí kì í gbààwẹ̀ kò ní bi ẹnikẹ́ni nípa èyí. Àwọn kan máa ń sọ pé tá a bá fi ìbéèrè tuntun kún un, a ò ní lè fi èsì wé ti ìlú mìíràn mọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èmi á fi í kún un. Aláìsàn tó wà níwájú nọ́ọ̀sì ṣe pàtàkì ju ìfiwéra lọ.

Kò sì parí sí Tọ́kì. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 1961 ni Jámánì àti Tọ́kì fọwọ́ sí àdéhùn tó mú àwọn òṣìṣẹ́ wọ Jámánì, lónìí àwọn tó ní orírun Tọ́kì níbẹ̀ tó mílíọ̀nù mẹ́ta. Àwọn tó kọ́kọ́ dé ti di arúgbó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin wọn kò sì ríbi kàwé púpọ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé. Ọmọbìnrin wọn ló ń bá wọn ka ìwé. Ta ló máa fàmì sí i níwájú ọmọ rẹ̀ pé òun kì í lo ínsúlínì, torí òun gbà pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní lè fi í sílẹ̀ mọ́? Ìgbàgbọ́ yìí sì wọ́pọ̀ láàárín wọn. Ẹni tí kì í ṣe ẹbí ló yẹ kó ka ìwé náà, níbi tí ọmọ kò sí, kó sì ka gbólóhùn bó ṣe wà láìfi àlàyé tirẹ̀ kún un.

Nílé wa níbí, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, àwọn onímọ̀ físíò ti gba ọ̀nà yìí sọ ìwé ìbéèrè nípa ẹ̀yìn ríro di ti Yorùbá, nítorí náà iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn mìíràn náà nílò irú rẹ̀: ní Jámánì àti ní Tọ́kì fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń kà mọ́ ará Tọ́kì ló jẹ́ pé èdè Kurdish ni wọ́n ń sọ nílé. Lójú wọn, ìwé tí wọ́n ṣe lédè Tọ́kì ṣì jẹ́ ìwé èdè àjèjì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti ṣe tiwọn: atúmọ̀ méjì, ìgbìmọ̀, àti aláìsàn 30 tí wọ́n máa bi léèrè ohun tó yé wọn.