Ṣé O Mọ̀? Ayé Ẹni Tí Ọkàn Rẹ̀ Kò Lágbára Mọ́

Ṣé o mọ̀ pé àìlágbára ọkàn kì í ṣe pé ọkàn ti dúró? Ó ṣì ń lù, àmọ́ kò lè ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara tó bó ṣe yẹ. Omi á máa sun sínú ẹ̀dọ̀fóró, ẹsẹ̀ á máa wú. Àwọn ará ilé á ní aláìsàn náà tẹ oògùn mọ́lẹ̀ ni.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń fà á jù lọ́dọ̀ wa? Ìwádìí THESUS-HF, tó jáde ní 2012, tẹ̀lé aláìsàn 1,006 ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 9, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ọjọ́ orí wọn ní ìpíndọ́gba: ọdún 52. Ní Yúróòpù, ẹni tó ti lé ní 70 ló pọ̀ jù. Ẹni ọdún 52 ní Àkúrẹ́ ṣì ń tajà ní Ọjà Ọba. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oǹdó ṣì ń roko kòkó, owó ilé-ìwé ọmọ ṣì wà lọ́rùn wọn. Òpó ilé gan-an ni àìsàn yìí ń mú.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n máa ń wọn bí ayé ṣe rí fún aláìsàn? Ìwé ìbéèrè Minnesota, tí wọ́n ṣe ní 1984, ní ìbéèrè 21. Máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 5. Ẹni tó bá gba 105, ayé ti nira fún un dé góńgó. Ó ń béèrè nípa àtẹ̀gùn, oorun, iṣẹ́ òòjọ́, ìbálòpọ̀, owó ìtọ́jú, àti bóyá aláìsàn ń rò pé òun ti di ẹrù sọ́rùn ẹbí. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ká mi lára jù, torí àwọn àgbà wa kì í sọ ọ́ jáde. Ìwádìí 36 tí wọ́n kó pọ̀ ní 2006 fi hàn pé nǹkan bí ẹnì kan nínú aláìsàn márùn-ún ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà.

Ṣé o mọ̀ pé iyán kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ẹsẹ̀ tó ń wú? Ọbẹ̀ ni kó o bi: máàgí, irú oníyọ̀, káún inú ewédú. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí iyọ̀ má ju gíráàmù 5 lọ lójúmọ́, ìyẹn ṣíbí tíì kan péré.

Ṣé o mọ̀ pé ibuprofen tí a ń rà ní kẹ́mísìtì nítorí ara ríro ń dá omi àti iyọ̀ dúró sára?

Ṣé o mọ̀ pé ìrìn díẹ̀díẹ̀, bí dókítà bá fọwọ́ sí i, ń mú ayé rọrùn? Ìwádìí HF-ACTION fi hàn bẹ́ẹ̀ ní 2009.



Bí ìyá tàbí bàbá rẹ bá ní àìsàn yìí, máa wọn ìwúwo wọn láràárọ̀. Bó bá fi kílò 2 lé sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tàbí tí wọ́n bá ń fẹ́ ìrọ̀rí púpọ̀ sí i kí wọ́n tó lè sùn, má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá fún wọn. Gbé wọn lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà.